Àpáta Kì í Sáré

Ẹ̀rín ni mo fẹ́ fi ìtàn yìí rín, àmọ́ inú ló kọ́kọ́ ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n mí ná.

Ó tó. Ọkùnrin kan wà ní Ìdànrè níbí tó ń jẹ́ Ọlọ́runníyì. Orúkọ rẹ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ìyá rẹ̀ ń pè é kó wá jẹun. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àgbẹ̀ Kòkó Ìrètíayọ̀ ti fi í ṣe adelé máníjà, orúkọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ó di Ọ̀gá Máníjà. Ó di Alákòóso Àgbà. Nígbà tó yá, ó di Alákòóso Àgbà Pátápátá, Afọ̀nàhanni, Ìmọ́lẹ̀ Gbogbo Olóko. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ kanlẹ̀kùn kì í rí ibi tó máa kàn.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, adelé ni mo pè é. Adelé kì í ṣe onílé. Bàbá Olúlékè, àgbẹ̀ láti abúlé Atosin tó jẹ́ alága ẹgbẹ́, ti sọ ọ́ fún un lójú gbogbo wa. Ó ní bí kòkó ọdún yìí bá gbẹ dáadáa, tí oníbàárà tó ń bọ̀ láti Èkó sì gbà á, ìgbìmọ̀ á jókòó, wọn á fi í jẹ máníjà gidi. Bí kòkó bá sì bàjẹ́, kó máa lọ sílé. Kò sí ohun tó ṣòro láti yé ènìyàn nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Kòkó ọ̀pọ̀ ilé ló wà lórí pèpéle ìsákòkó wa, lórí tapólì kọ̀ọ̀kan. Ti Rùkáyátù wà níbẹ̀ pẹ̀lú, obìnrin Ìwó tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Toheeb, òun náà sì ni olórí àwọn tó ń sá kòkó. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń bá ẹlòmíì tọ́jú oko, tí wọ́n á sì pín ohun tó bá jáde. Kòkó ọdún yìí ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ká lórí ilẹ̀ tara wọn. Tapólì tó gbẹ̀yìn, létí gọ́tà, ni wọ́n sá a sí. Ìyá Toheeb máa ń fọwọ́ kàn án bó bá ń kọjá, bí ẹni tó ń fọwọ́ kan orí ọmọ. Bó bá sì di ti ohùn, ẹ má bá a díje. Bó bá ń pe ewúrẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Odode, ewúrẹ́ tó wà ní Alade lọ́hùn-ún á dáhùn.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn kí wọ́n tó pe máníjà wa sí sẹ́mínà.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àkúrẹ́ ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n kọ́ wọn níbẹ̀ pé ènìyàn kò rí bákan náà, pé kí kálukú bi ara rẹ̀ léèrè irú ẹni tóun jẹ́ àti bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́, kó lè mọ bóun ṣe máa bá ẹlòmíì ṣiṣẹ́ láìjà. Ọ̀rọ̀ gidi ni. N ò bá ọ̀rọ̀ náà jà. Ìyá mi àgbà ti mọ̀ ọ́n kí hòtẹ́ẹ̀lì tó dé Àkúrẹ́. Àmọ́ ìdajì ni Ọlọ́runníyì gbọ́, nítorí oúnjẹ ọ̀sán bọ́ sí àárín, oorun sì tẹ̀ lé oúnjẹ. Ìdajì tó gbọ́ yẹn ló gbé wá bá wa, ó sì fi ti ara rẹ̀ dí èyí tó kù.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó ní, ó dúró lórí àpótí níwájú ibi tí a ti ń wọn kòkó, "ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá ara yín gbé láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí yín, tí ẹ ò sì tíì pàdé ara yín rí. Ìfihàn ti dé. Irú mẹ́rin lọmọ aráyé. Àpáta wà, Iná wà, Atẹ́gùn wà, Odò sì wà. Láìpẹ́, kálukú yín á mọ ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá sì mọ ara rẹ̀, máníjà á bá a mọ̀ ọ́n."

"Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára, sà," ni Olúyínká wí. "Ó wọ̀ mí dé eegun."

Olúyínká ni amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ máníjà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa di fóònù ọ̀gá mú, kí ẹnu sì máa yà á. Kò sí ọjọ́ kan tó pa iṣẹ́ yìí jẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, wọ́n kó àgbẹ̀ àti òṣìṣẹ́ jọ, wọ́n pín ìwé ìbéèrè. Olúyínká ló ń kà á sétí ẹni tí kò bá lè kà á. Ọ̀dọ̀ Bàbá Olúlékè ló ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìbéèrè kìíní, sà. Ṣé ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa dá wà, àbí kí ẹ wà láàárín èrò?"

Bàbá dáhùn, "Kí ni mo ṣe tí ẹ fi ń wá ìdáwà fún mi? Ìyàwó mi wà láyé, àwọn ọmọ mi wà láyé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí n dá wà."

"Àmín," ni gbogbo wa wí. Bí ìbéèrè kìíní ṣe di àdúrà nìyẹn.

Ìbéèrè kejì ni bóyá èèyàn mọ ènìyàn darí. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ta ló máa jókòó ti àgbà nílẹ̀ wa kó ní òun mọ ènìyàn darí? Àwọn ọ̀dọ́ wo ojú àwọn àgbà, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà wo ojú máníjà, wọ́n ní Ọlọ́run ló ń darí. Máníjà nìkan ni kò wo ojú ẹnì kankan. Olúyínká ló bá a kọ ti ẹ̀, Àpáta ló sì fi sí gbogbo ìdáhùn. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ orúkọ rẹ̀ pàápàá, Àpáta ló kọ síbẹ̀.

Ìbéèrè kẹta wá kan Ìyá Toheeb: ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ púpọ̀?

"Èmi kẹ̀?" ó ní. "Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ bi ọkọ mi. Bí wọ́n bá bú mi, mo máa ń dákẹ́. Bí wọ́n bá fi mí ṣẹ̀sín, mo máa ń dákẹ́. Lánàá òde yìí, ìyàwó onígaàrí dúró sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń sọ ohun tó wù ú, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bí mo ṣe dákẹ́..."

Ó ń ṣàlàyé bó ṣe dákẹ́ títí oòrùn fi yẹ̀ lórí. Ó ṣe ohùn ìyàwó onígaàrí, ó ṣe ohùn ọkọ onígaàrí, ó tún ṣe ohùn ọlọ́kadà tó ń kọjá lọ nígbà yẹn. Olúyínká kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í sọ̀rọ̀.

Nígbà tí èsì jáde, gbogbo wa di Odò. Odò ni alága, Odò ni akọ̀wé, Odò ni ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Wọn ò rí Iná kankan. Olúyínká ní ó ti yẹ kí wọ́n fura, pé iná ò dúró ní àdúgbò yìí láti bí oṣù mélòó kan. Máníjà fi Olúyínká ṣe Atẹ́gùn, òun fúnra rẹ̀ sì ni Àpáta kan ṣoṣo ní gbogbo ẹgbẹ́. Ní Ìdànrè o, níbi tí ènìyàn ò ti lè tafà kó má ba àpáta.

Ẹni tó gbọ́n ì bá rí i pé ìtìjú wa ni ìwé náà wọ̀n, kì í ṣe ìwà wa. Àmọ́ ẹni tó ń wá àga kì í rí nǹkan míì. Máníjà gbé òfin jáde lọ́sẹ̀ yẹn. Àpáta nìkan ni yóò máa pàṣẹ. Àpáta kì í sáré, kì í bẹ̀rẹ̀, kì í gbé ẹrù. Atẹ́gùn nìkan ló lè gbé ohùn sókè nínú ọgbà. Odò á máa ṣàn jẹ́jẹ́, kò gbọdọ̀ pariwo, kò sì gbọdọ̀ ṣe ohun tí wọn ò rán an. Ẹni tó bá rú òfin, wọn ò ní bá a wọn kòkó. Gbogbo Odò gbọ́dọ̀ so ríbọ́ọ̀nù aláwọ̀ búlúù mọ́ ọwọ́, Àdùnní aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, ló sì gba iṣẹ́ rẹ̀. Ewúrẹ́ Ìyá Toheeb jẹ díẹ̀ nínú ríbọ́ọ̀nù náà, Olúyínká bá ní ó ti di Odò pẹ̀lú.

Ìkíni náà yí padà. Bí ènìyàn bá wọ ọ́fíìsì, kò gbọdọ̀ ní ẹ káàárọ̀ lásán. Á kọ́kọ́ ní, "Odò ń kí Àpáta o." Máníjà á dáhùn pé, "Àpáta gbọ́, máa ṣàn." Mo rí bàbá arúgbó kan tó dojúbolẹ̀, kì í ṣe pé ó ń kí i, ẹ̀rín ló ń fi pamọ́.

Ó yẹ kí n sọ àṣà wa kan fún ẹni tí kì í ṣe ará ibí. Òjò Ìdànrè kì í ránṣẹ́ síwájú. Bí ìkùukùu bá ti bo orí òkè, a máa ń ní òkè ti dé fìlà, kò sì ní pẹ́ tí omi á fi dé ilẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ló máa ké. Kò sí ọ̀gá, kò sí ọmọṣẹ́, ọmọdé lè ké, àlejò lè ké. Ẹni tó bá sì gbọ́ igbe, á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á sáré wá ká tapólì, ì báà jẹ́ kòkó ọ̀tá rẹ̀. Mo ti rí aládùúrà tó fi agogo sílẹ̀ láàárín ìsìn. Mo ti rí ọlọ́kadà tó fi èrò rẹ̀ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, èrò náà sì sọ̀ kalẹ̀, ó bá a sáré. A kì í béèrè pé ta ló ni ín. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti wọ ṣítọ̀, ilé ìkẹ́rùsí wa, tán la tó ń kí ara wa.

Ọjọ́ tí oníbàárà dé, oòrùn mú ganrínganrín. Obìnrin kan ni wọ́n rán wá, Stephanie lorúkọ rẹ̀, ọ̀dọ́ ni, ó sì fẹ́ wo kòkó kó sì máa lọ kí mọ́tò tó kún ọ̀nà Owena. Ó sọ bẹ́ẹ̀ láti inú mọ́tò. Máníjà ò gbọ́. Ó ti ní kí wọ́n gbé àga onítìmùtìmù rẹ̀ sórí tapólì àárín, sáàárín kòkó gan-an, kí àlejò lè rí bí Àpáta ṣe ń jókòó láàárín àwọn Odò tó ń ṣiṣẹ́. Agbádá rẹ̀ bo àga, ó sì bo kòkó díẹ̀.

"Àlejò pàtàkì," ó bẹ̀rẹ̀, "ohun tí o ń wò yìí kì í ṣe kòkó."

"Kòkó ni mo wá wò, sà," ni Stephanie wí.

"Ìwà ọmọ ènìyàn ni. Ìwà ni mo ń sá sóòrùn."

Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ó dé orí ìtàn ìgbà èwe rẹ̀, bó ṣe jẹ́ pé láti kékeré lòun kì í ti í sáré, nígbà tí Ìyá Toheeb gbójú sókè wo òkè. Ó tún un wò. Ó na ọwọ́ tó so ríbọ́ọ̀nù mọ́ sókè bí ọmọ ilé-ìwé.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, òkè ti dé fìlà."

"Ṣé Odò ló ń sọ̀rọ̀?"

"Odò ni, sà. Òjò ń bọ̀."

"Odò kì í sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún Atẹ́gùn, kí Atẹ́gùn wá sọ fún mi."

Atẹ́gùn ti lọ wá mọ́ọ̀tì tútù fún àlejò. Máníjà ní kí wọ́n dúró dè é. A dúró. Mo bẹ̀ yín, ẹ má bi mí pé kí ló dé tí àgbà àti ọmọdé dúró tí wọ́n ń wo òjò lójú. Bí a bá rú òfin, wọn ò ní bá wa wọn kòkó, ìbẹ̀rù yẹn ló so ẹsẹ̀ wa mọ́lẹ̀. Títí di òní lojú ń tì wá.

Omi kán sí iwájú orí Stephanie. "Sà, òjò ti dé," ó ní.

Máníjà gbé ìka sókè. "Ká tó pariwo pé òjò ni, ẹ jẹ́ ká mọ irú òjò tó jẹ́. Òjò wà tó kàn ń halẹ̀. Òjò wà tó ń tijú. Èyí, bí mo ṣe ń wò ó, ó jọ Odò, ó máa gba àṣẹ."

Òjò náà ò gbàṣẹ. Láti òdìkejì títì, Àdùnní tí kò kọ ìwé ìbéèrè, tí kò so ríbọ́ọ̀nù, yọ orí síta láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó sì ké. "Ẹ ká kòkó o, òjò dé."

Bí ẹsẹ̀ wa ṣe tú nìyẹn. Gbogbo ọgbà dìde lẹ́ẹ̀kan. Ọlọ́kadà já wọlé, aránṣọ já wọlé, Stephanie bọ́ bàtà rẹ̀ sọnù, ó di igun tapólì mú. Máníjà náà dìde, ṣùgbọ́n Àpáta kì í sáré. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ lórí kòkó tó ti tutù, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú lulẹ̀ tàgbádá-tàgbádá. Kò sẹ́ni tó rí i. Ta ló ń wojú ẹnìkejì nígbà òjò? Àwọn ọkùnrin taari àga kúrò, wọ́n ká tapólì láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbé e, wọ́n ń lọ.

"Kòkó yìí mà wúwo," ni ọlọ́kadà wí.

"Ó ti fa omi mu ni," ni ẹnì kan dáhùn. Wọ́n pe àwọn mìíràn kún un.

Wọ́n gbé e dé ṣítọ̀, wọ́n jù ú sílẹ̀ pọ̀ọ́. Kòkó náà ní, "Yéè." Ọlọ́kadà bẹ̀rẹ̀ sí í ka orin Dáfídì. Ìgbà tí wọ́n tú tapólì, Alákòóso Àgbà Pátápátá ló yọjú, kòkó wà ní etí rẹ̀, kòkó wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀. Olúyínká wọlé lásìkò náà, ó gbé mọ́ọ̀tì dání, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ ẹnu rẹ̀ yà láìjẹ́ pé wọ́n ń sanwó fún un.

A rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àfìgbà tí a jáde tí a rí tapólì tó wà létí gọ́tà.

Àwọn tó yẹ kó dé ibẹ̀ ni wọ́n pè lọ kún àwọn tó ń gbé máníjà. Ìyá Toheeb nìkan ló dì í mú, apá rẹ̀ ò ká a, omi sì fa èyí tó pọ̀ jù sínú gọ́tà. Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó jókòó sínú omi, ó ń ṣa kòkó ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú ìborùn rẹ̀. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo mọ̀ tí obìnrin yẹn dákẹ́ lóòótọ́, ó sì dùn mí wọra.

Ìgbìmọ̀ jókòó lọ́jọ́ Sátidé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Stephanie ti gba èyí tó gbẹ, ó ní òun á padà wá fún ìyókù bó bá yè. Bàbá Olúlékè dìde, ó fi èdè Ìdànrè sọ̀rọ̀, mo sì tún un sọ fún yín ní Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́. Ó ní kí kálukú sọ ohun tó ṣe nígbà tí òjò dé.

"Mo di igun kan mú," ni ẹni àkọ́kọ́ wí.

"Mo gbá omi."

"Mo ké," ni Àdùnní wí, "mo sì fi aṣọ tí oníbàárà mi kan gbé wá rán bo kòkó. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́."

"Mo ra mọ́ọ̀tì," ni Olúyínká wí, ó sì jókòó kíá.

Ó kan máníjà. Ó tún agbádá ṣe. "Alága ọ̀wọ̀, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ olóye, bí ẹ bá fi ojú inú wò ó, Àpáta gẹ́gẹ́ bí irú ẹni tó jẹ́, ìdúró ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà tí Àpáta ń gbà ṣiṣẹ́ ni pé..."

"Ọlọ́runníyì, ọmọ mi," ni Bàbá wí, kò gbé ohùn sókè rárá. "A ò bi ẹ́ pé kí lo jẹ́. A ní kí lo ṣe?"

Ọlọ́runníyì wo Olúyínká, Olúyínká ń wo ilẹ̀. Gbogbo orúkọ tó wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí ọ̀kan tó lè bá a dáhùn.

"Wọ́n gbé mi, sà," ó ní.

Ẹ̀rín tó sọ nínú gbọ̀ngàn yẹn, Olúyínká ló rín in pẹ́ jù. Ìgbìmọ̀ ò pẹ́ rárá lórí ọ̀rọ̀ àga. Wọ́n ní kí akọ̀wé máa bójú tó iṣẹ́ ná, kí Ọlọ́runníyì dá kọ́kọ́rọ́ padà. Ó dá a padà.

Ọ̀rọ̀ Ìyá Toheeb ló kù. Bàbá Olúlékè ní kí ilé kọ̀ọ̀kan bu kòkó tútù láti oko rẹ̀ fún un, kó rí nǹkan sá padà. Kò sẹ́ni tó jiyàn. Bí wọ́n ṣe ń dárúkọ ohun tí wọ́n máa bù lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọlọ́runníyì dìde lẹ́yìn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Èmi ò lóko," ó ní. "Kí lèmi máa bù?"

"Kí lo ní?" ni Bàbá bi í.

Mo gbà gbọ́ pé ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn ìbéèrè nípa ara rẹ̀. "Ohùn ni mo ní, sà."

Wọ́n bá fi í sí ibi ìṣọ́ òjò, títí kòkó Ìyá Toheeb á fi gbẹ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wo òkè, kó sì ké. Ọjọ́ bíi mélòó kan, oòrùn ràn, kò rí nǹkan ké lé lórí, ó sì jọ pé ó ń rù. Nígbà tó wá di ọ̀sán ọjọ́ kan, ìkùukùu bo orí òkè.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ó bẹ̀rẹ̀, "ẹ̀yin tí..." Ìyá Toheeb yíjú wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ó gbé ìyókù mì. Ó sì ké, "Òjò dé o, ẹ ká kòkó."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ti sọ láyé rẹ̀ tí àwọn ènìyàn tíì gbọ́ràn sí tó bẹ́ẹ̀. Ọgbà dìde, ṣọ́ọ̀bù ṣófo, ọlọ́kadà fi èrò sílẹ̀. Ó dúró, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sáré nítorí ohùn rẹ̀, inú rẹ̀ dùn débi tó fẹ́ gbàgbé pé omi ń kán sí òun lórí.

"Ìwọ náà, Ọlọ́runníyì," ni Ìyá Toheeb ké láti etí gọ́tà, "wá di igun kejì mú."

Ó ká agbádá rẹ̀ lé èjìká, ó sáré lọ bá a.